Ìgbòkun Wo Ni Ó Yẹ Ọkọ̀ Kékeré? Àkíyèsí lórí Afẹ́fẹ́ àti Ọgbọ́n Àwọn Atukọ̀ Ọ̀sà Èkó

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn kò gùn: bí ènìyàn bá ní ọkọ̀ kékeré lórí ọ̀sà Èkó, tí ó sì fẹ́ fi ìgbòkun sí i ní ìlànà àwọn ará àtijọ́, irú ìgbòkun wo ni kí ó yàn?

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá èyí tí ó ń gbé Mafolúkù, níbi tí ènìyàn kò ti lè rí ọ̀sà láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ìdí méjì ni mo ní. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dúró, owó lítà kan ní Èkó kúrò ní nǹkan bíi ₦185, ó di ₦488. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦900. Apẹja tí ẹ̀rọ ń ti ọkọ̀ rẹ̀ kò lè ṣe kí ó má ronú sí afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́run ń fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí kejì ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kàwé ń gba orí Afárá Third Mainland kọjá, tí a sì ń wo ìgbòkun alábùlẹ̀ tí àwọn awayanrìn ta sórí ọkọ̀ wọn, a ń rò pé àmì òṣì ni. Èrò mi ni pé ìdáhùn pípé sí ìṣòro kan ni ohun tí à ń wò yẹn, ẹni tí kò bá sì mọ ìṣòro náà kò lè mọ iyì ìdáhùn rẹ̀.

Kí n má baà fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ibi tí mo ń lọ nìyí: ìgbòkun tí ó dára jù fún ọkọ̀ kékeré ní ọ̀dọ̀ wa ni èyí tí ènìyàn kan ṣoṣo lè sọ kalẹ̀ kí ìjì tó dé. Eré sísá tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ohun tí èdè wa mọ̀ nípa ọkọ̀

Láti inú èdè ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Orí omi ni ọ̀rọ̀ náà "ọkọ̀" ti gòkè wá sí orí ilẹ̀. Nígbà tí réluwéè dé, a pè é ní ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí mọ́tò dé, a pè é ní ọkọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí bàálù dé, ó di ọkọ̀ òfúrufú. Awakọ̀ tí ó ń kígbe "Òṣòdì, Òṣòdì" lójú títì ń fi ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà jẹun tí àwọn apẹja ń lò fún wíwa ọkọ̀ lórí omi. Ní ti "ìgbòkun", ẹni tí ó bá ka orí 27 nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ní èdè Yorùbá yóò pàdé rẹ̀ níbi tí ìjì ti ń bá ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù jà. Èdè wa tún ní ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá a mu: à ń ta ìgbòkun bí a ti ń ta àgọ́, à ń ká a bí a ti ń ká ẹní.

Ṣùgbọ́n òwe kan wà tí ó ju gbogbo èyí lọ: òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Nínú kíláàsì, a máa ń túmọ̀ rẹ̀ pé kí ènìyàn má fi ìbínú pàdé ìbínú. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà. Síbẹ̀, etí apẹja a máa gbọ́ ohun mìíràn mọ́ ọn, ìyẹn ìlànà iṣẹ́: nígbà tí omi bá ń ru, dín agbára kù. Ẹ jẹ́ kí a fi òwe yìí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn ìgbòkun tí mo fẹ́ kà sílẹ̀.

Ìwà afẹ́fẹ́ Èkó

Kò sí ẹni tí ó lè yan ìgbòkun láìmọ ìwà afẹ́fẹ́ tí yóò kún inú rẹ̀. Níhìn-ín ni Mafolúkù ti wúlò, nítorí pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ni aládùúgbò wa. Ọ̀nà méjèèjì tí bàálù ń sá lé lórí níbẹ̀ na láti àríwá sí gúúsù. Bàálù a sì máa kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá ń gbéra àti nígbà tí ó bá ń balẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, gúúsù ni imú wọn ń kọ, nítorí pé láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti orí òkun, ni afẹ́fẹ́ Èkó ti ń fẹ́. Ẹni tí ariwo bàálù ń dí lọ́wọ́ oorun ní Mafolúkù lè fi èyí tu ara rẹ̀ nínú: ó ń gbọ́ ìròyìn afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Afẹ́fẹ́ yìí ní àkókò tirẹ̀ láàárín ọjọ́. Oòrùn a máa mú ilẹ̀ gbóná kíákíá ju omi lọ. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ ti gbóná, ó ti fúyẹ́, ó ń gòkè, èyí tí ó tutù láti orí òkun a sì wọlé wá gba ipò rẹ̀. Ní òru, ilẹ̀ a tutù ṣáájú omi, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a sì máa ti ilẹ̀ lọ sí òkun. Ìdí nìyí tí àwọn apẹja etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n sì ń padà wálé ní ọ̀sán: afẹ́fẹ́ òru a sìn wọ́n jáde, afẹ́fẹ́ ọ̀sán a gbé wọn padà. Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti àríwá ìlà-oòrùn a máa da ètò yìí rú fún ìgbà díẹ̀.

Ewu ńlá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìgbà òjò, láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Ìjì a máa dìde nígbà náà láti ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ a kọ́kọ́ dákẹ́, ìkùukùu dúdú a yọ bí ògiri, òtútù a sì sọ lójijì. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìhà ibi tí atukọ̀ kò kọ ojú sí ni ìjì yìí ń gbà wọlé. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó fi ọkàn sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjà ti dé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ń ṣeré tẹ́lẹ̀ lè di èyí tí ń wó igi.

Irú ìgbòkun márùn-ún

Ìgbòkun pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ni ó yẹ kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ kékeré gbé yẹ̀wò.

Àkọ́kọ́ ni ìgbòkun tí a so rọ̀ sórí igi ìdábùú níwájú òpó, tí ó dà bí aṣọ tí a sá. Àwọn ará Íjíbítì ti ń lò ó lórí odò Náílì ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń ti àríwá wá, odò sì ń ṣàn lọ sí àríwá. Nítorí náà, ẹni tí ó ń lọ sókè odò a ta ìgbòkun, ẹni tí ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ a jẹ́ kí omi gbé òun. Afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìn ni ìgbòkun yìí fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí i, kò mọ ohun tí yóò ṣe.

Èkejì ni onígun mẹ́ta tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn kan tí ó dà gẹ̀ẹ́rẹ̀ lára òpó, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní lateen. A ṣì lè rí ẹbí rẹ̀ ní Lamu, ní etíkun Kẹ́ńyà. Òun ni ó wà lára ọkọ̀ caravel àwọn Pọtogí nígbà tí wọ́n ń wá etíkun wa kiri ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìdí wọn yè kooro: láti ilé wọn wá sí ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn a máa tì wọ́n lẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ wa padà sílé, ojú ni ó ń gbá wọn. Ìgbòkun onígun mẹ́ta lè fi ẹ̀gbẹ́ gun afẹ́fẹ́ lọ, ní wọ́gọwọ̀gọ. Àléébù rẹ̀ ni ọ̀pá gígùn náà: a gbọ́dọ̀ gbé e yí òpó ká bí a bá fẹ́ yí ìhà padà, iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ sì ni.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ará Ṣáínà, tí ó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò sínú aṣọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ó sì ń pa dé bí abẹ̀bẹ̀. Ní ọdún 1960, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Blondie Hasler, fi irú rẹ̀ sórí ọkọ̀ kékeré rẹ̀ tí ń jẹ́ Jester, ó sì dá nìkan fi í la òkun Àtìláńtíìkì kọjá nínú eré ìdíje. Ipò kejì ni ó gbà. Ìgbòkun yìí rọrùn láti dínkù, ọparun tí ó sì ń fẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ pọ̀, ó sì wúwo fún ọkọ̀ tóóró.

Ẹ̀kẹrin ni lug, tí àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lò gan-an. Ó ní ọ̀pá kan ní orí aṣọ, okùn kan ṣoṣo ni a sì fi ń fà á gòkè. Bí a bá tú okùn yẹn, gbogbo rẹ̀ a wálẹ̀. Ìwà rere ni èyí. Ohun tí ó ń béèrè ni òpó tí ó ga díẹ̀ àti ihò tàbí àgbá kékeré lórí òpó tí okùn yóò máa gbà láìhá. Bí okùn bá há lọ́jọ́ ìjì, ìwà rere rẹ̀ ti parí.

Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí a lè pè ní ìgbòkun ọ̀pá ìtì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sprit. Aṣọ rẹ̀ ní igun mẹ́rin. A so etí kan mọ́ òpó kúkúrú. Ọ̀pá kejì, tí ó gùn tí ó sì fúyẹ́, ti ìsàlẹ̀ òpó dìde, ó dábùú aṣọ náà, ó sì ti igun òkè tí ó jìnnà jù lọ sókè. Okùn kúkúrú ni ó di ìdí ọ̀pá yìí mú lára òpó. Irú èyí ni àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù odò Thames lò ní ìwọ̀n tí ó tóbi, òun náà sì ni ènìyàn ń rí lórí ọ̀sà Nokoué létí Gànvíé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àti ní etíkun Gánà. Òun ni ìdáhùn mi.

Ohun tí ọkọ̀ wa lè gbà

Kí ni ìdí? Ẹ wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Yálà a gbẹ́ ẹ láti ara igi kan ṣoṣo ni o, yálà pákó ni a fi kàn án bí ti àwọn Ẹ̀gùn Mákòkó ni o, ó tóóró, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí pé omi tí kò jìn ni a ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ ibi ni ọ̀pá gígùn ti lè kan ilẹ̀ ọ̀sà. Ọkọ̀ tí kò ní pákó tí ó wọ inú omi nísàlẹ̀ kò lè di omi mú; bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa gbá lọ bí ewé. Nítorí náà, ẹ̀bùn ńlá tí lateen ní, ìyẹn gígun afẹ́fẹ́, kò lè ṣiṣẹ́ tán lára ọkọ̀ wa. Àwọn atukọ̀ wa mọ èyí. Láti Èkó sí Ìkòròdú, afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn, wọn a ta ìgbòkun. Nígbà tí wọ́n bá ń padà, wọn a ká a, wọn a mú àjẹ̀ tàbí ọ̀pá. Bí afẹ́fẹ́ bá wá láti ẹ̀gbẹ́, wọn a ti àjẹ̀ bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí ó má baà gbá lọ. Ìgbòkun ọ̀pá ìtì bá ìgbésí ayé yìí mu: ó dára fún afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn, ó ṣe é lò fún ti ẹ̀gbẹ́, a sì lè yọ òpó rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a gbé gbogbo rẹ̀ sùn sínú ọkọ̀ bí a bá fẹ́ gba abẹ́ afárá kọjá tàbí kí a da àwọ̀n.

Ìṣirò kan

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ka wa. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti aṣọ a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára náà a di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹ mú ìgbòkun kékeré tí ó jẹ́ mítà 4 níbùú lóròó, ìyẹn mítà 2 ní ọ̀nà méjèèjì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré mítà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tí ó ń ti aṣọ yẹn tó ìwúwo nǹkan bíi kílò 6. Ọmọdé lè dì í mú. Ní mítà 10, ó di nǹkan bíi kílò 24. Ní mítà 15, tí ìjì máa ń kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, ó di nǹkan bíi kílò 55. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹ ro ó wò: a ju àpò sìmẹ́ǹtì kan àti díẹ̀ lu òpó ọkọ̀ tóóró lójijì, láti ẹ̀gbẹ́.

Ìwúwo nìkan kọ́ ni ó ń dojú ọkọ̀ dé. Bí ibi tí agbára náà ti ń tì bá ṣe ga tó ni ó ṣe ń rọrùn fún ọkọ̀ láti dojú dé. Aṣọ kan náà, tí a gbé àárín rẹ̀ sí mítà 3 lókè omi, ní agbára ìdojúdé ìlọ́po méjì èyí tí a gbé sí mítà 1 ààbọ̀. Níbi yìí ni ọgbọ́n ọ̀pá ìtì ti hàn. Òpó rẹ̀ kúrú, aṣọ rẹ̀ fẹ̀ ju bí ó ti ga lọ. Nígbà tí ìkùukùu bá sì yọ, atukọ̀ kò ní láti dìde dúró. A fa ọ̀pá náà yọ láti inú okùn ìdí rẹ̀. Igun òkè a wó lulẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nǹkan bí ìdajì ìgbòkun a sì ti kúrò nídìí iṣẹ́, òkè ni a sì ti mú un kúrò, níbi tí ewu wà. Ìdajì tí ó kù, onígun mẹ́ta kékeré, lè gbé e dé ebúté. Bí kò bá fẹ́ ẹ, a fi aṣọ wé òpó, a yọ òpó, ó parí. Èyí gan-an ni òwe wa ń wí: òkun ń hó ruru, òun kò wà á ruru.

Aṣọ, igi àti okùn

Ní ti àbùlẹ̀ tí à ń fi ojú tín-ín-rín, ohun méjì ni kí a mọ̀. Àpò ìrẹsì, àpò ìyẹ̀fun tàbí tapólìn tí a rán pọ̀ kò wọ́n, a sì lè tún un ṣe létí omi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti okùn. Èkejì ni pé aṣọ tí kò lágbára púpọ̀ a máa ya kí òpó tó ṣẹ́, kí ọkọ̀ sì tó dojú dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yíya aṣọ ti dá ẹ̀mí sí. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa lo àkísà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó sàn kí ohun tí yóò kọ́kọ́ bàjẹ́ jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ọparun dára fún ọ̀pá nítorí ó fúyẹ́, ó sì lè tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Òpó ń fẹ́ igi tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Okùn kan wà tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ: èyí tí ó wà ní igun ìsàlẹ̀ aṣọ, tí a fi ń kó ìgbòkun ní ìjánu. A kò gbọdọ̀ so ó mọ́ ara ọkọ̀ láé. Ọwọ́ ni ó ń gbé. Nígbà tí ìjì bá gbá, kí ọwọ́ ṣáà ti tú u sílẹ̀, ìgbòkun a máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá, agbára rẹ̀ a sì pòórá. Ẹni tí ó so okùn ìjánu kí ọwọ́ rẹ̀ lè sinmi ti so ara rẹ̀ mọ́ ìjì.

Bí a ṣe lè yàn

Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹni tí ó fẹ́ ta ìgbòkun bi ara rẹ̀. Báwo ni ìdí ọkọ̀ mi ti rí? Bí ó bá pẹrẹsẹ tí ó sì tóóró, kí ó má náwó lórí ìgbòkun tí ń gun afẹ́fẹ́. Ìhà wo ni mo ń lọ lójoojúmọ́, ìhà wo sì ni afẹ́fẹ́ ń gbà? Ènìyàn mélòó ni yóò wà nínú ọkọ̀? Bí ó bá jẹ́ ẹyọ ẹnìkan, lateen ti jáde. Ìkẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù: bí mo bá jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, ṣé ọwọ́ mi lè dé ohun tí yóò mú ìgbòkun wálẹ̀? Kí ó dán an wò ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹni tí ó ní okùn tí ó jọ̀lọ̀ àti àgbá tí kì í há lè yan lug, kò ṣìnà. Ẹlòmíràn gbogbo, kí wọ́n mú ọ̀pá ìtì. Àti olúkúlùkù, kí ó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Ohun tí ó lè sọnù

Ọ̀rọ̀ mi kù díẹ̀. Ìmọ̀ tí mo ti ń ṣàlàyé yìí kò sí nínú ìwé kankan tí àwọn tí ó ni ín kọ. Ara ni ó wà, ẹnu ni ó wà, àdúgbò ni ó sì ń gbé. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n lé àwọn ará Ọ̀tọ́dò Gbàmẹ̀ kúrò létí ọ̀sà ní agbègbè Lẹ́kí. Àwọn Ẹ̀gùn ni ó pọ̀ jù nínú wọn, iye wọn sì ń lọ sí 30,000. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé wọn bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Ẹjọ́ ni ilé-ẹjọ́ lè dá, kò lè tún apẹja àti ọmọ rẹ̀ tò sínú ọkọ̀ kan náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà, níbi tí bàbá ti ń sọ pé, "Wo òtútù yìí, yọ ọ̀pá." Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn fún un.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí ni pé kí ẹ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí ẹ lọ sí etí omi, kí ẹ béèrè orúkọ ohun gbogbo tí ó wà nínú ọkọ̀ lẹ́nu Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ: orúkọ okùn, orúkọ ọ̀pá, orúkọ afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi fúnra mi ti ní láti máa sọ pé "ọ̀pá ìtì" àti "okùn ìjánu" níhìn-ín. Ó dá mi lójú pé àwọn tí ń lò wọ́n lójoojúmọ́ ní orúkọ tí ó gún régé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí orúkọ bá kú, ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà kì í pẹ́ tẹ̀lé e.